Ẹni Mímọ́ Francis ti Assisi àti Orin Àwọn Ẹ̀dá

Ní ọjọ́ Ìkórè, nígbà tí a bá ti kó iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ wá síwájú pẹpẹ, tí dùùrù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orin kan wà tí àwọn akọrin fẹ́ràn láti kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí a ti ń pe oòrùn àti òṣùpá, ẹ̀fúùfù àti omi, iná àti ilẹ̀, pé kí gbogbo wọn yin Ẹlẹ́dàá. Halelúyà pọ̀ nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà. Àlùfáà William Henry Draper, ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó ìjọ Adel lẹ́bàá Leeds ní ilẹ̀ England, ni ó ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé orin ní 1919. Ohùn tí a fi ń kọ ọ́ ti ilẹ̀ Jámánì wá, láti inú ìwé orin tí a tẹ̀ ní Cologne ní 1623. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wà ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí. Ní 1225 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ilẹ̀ Ítálì, ẹni tí ó sì kọ ọ́ kò lè gbé ojú sókè wo oòrùn tí ó ń yìn. Ìtàn ẹni náà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìrántí yìí, nítorí kò yẹ kí a máa kọ orin ẹni kan láti ọdún dé ọdún láì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí orin náà tó jáde.

A bí Francis ní ìlú Assisi, tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ní agbègbè Umbria, ní 1181 tàbí 1182. Pietro di Bernardone ni orúkọ baba rẹ̀, Pica sì ni ìyá rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ pàtàkì ni baba náà, a sì máa lọ ra ọjà títí dé ilẹ̀ Faransé. Ìtàn sọ pé ó wà ní ìrìn àjò nígbà tí a bí ọmọ náà, tí ìyá rẹ̀ sì mú un lọ ṣe ìrìbọmi tí a sọ ọ́ ní Jòhánù. Ṣùgbọ́n nígbà tí baba dé, ó pè é ní Francesco, èyí tí í ṣe ará Faransé, nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí ilẹ̀ náà. Orúkọ kejì yìí ni ó mọ́ ọmọ lára. Ó dàgbà nínú ọrọ̀, ó ń wọ aṣọ olówó iyebíye, ó ń ná owó baba rẹ̀ bí ẹni ń da omi sílẹ̀, òun sì ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde lálẹ́ pẹ̀lú orin àti ìlù. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, pé akọrin ni kí ó tó di ẹni mímọ́, ó sì kú ní akọrin.

Ní 1202 ogun dé láàárín Assisi àti ìlú Perugia tí ó wà ní ìdojúkọ rẹ̀. Francis jáde lọ sí ogun náà, a ṣẹ́gun àwọn ará Assisi, a sì mú un ní ìgbèkùn fún ìwọ̀n ọdún kan. Nígbà tí ó padà bọ̀, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ pẹ́. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sì sọ pé nígbà tí ó kọ́kọ́ dìde tí ó jáde lọ wo pápá àti ọgbà àjàrà, kò rí adùn kankan nínú wọn mọ́. Ó tún dìhámọ́ra láti lọ sí ogun mìíràn ní apá gúúsù, ṣùgbọ́n ní ìlú Spoleto ni ó ti yí padà sí ilé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dá nìkan wà.

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìyípadà ọkàn rẹ̀ ni ọ̀ràn àwọn adẹ́tẹ̀. Kò sí ohun tí ó kórìíra bí rírí wọn. Bí ó bá rí ilé wọn lókèèrè, a fi ọwọ́ di imú. Ní ọjọ́ kan ó pàdé ọ̀kan lójú ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó fún un ní owó, ó sì fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ó ń wẹ ojú egbò wọn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kú, tí ó sì ń kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, orí àwọn adẹ́tẹ̀ wọ̀nyí ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọ kékeré kan wà lẹ́yìn odi Assisi tí à ń pè ní San Damiano, tí ògiri rẹ̀ ti ń wó. Bí Francis ti ń gbàdúrà níwájú àwòrán Olúwa lórí àgbélébùú níbẹ̀, ó gbọ́ bí ẹni pé a rán an láti tún ilé Ọlọ́run ṣe. Ó kó aṣọ nínú ìsọ̀ baba rẹ̀, ó gùn ún lẹ́ṣin lọ sí Foligno, ó ta aṣọ, ó ta ẹṣin, ó sì gbé owó wá fún àlùfáà ibẹ̀. Kò sí bàbá kan ní ọjà wa níhìn-ín tí yóò gba irú èyí, Pietro náà kò sì gbà á. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ síwájú Bíṣọ́ọ̀bù Guido. Ní 1206 ni èyí ṣẹlẹ̀. Níwájú gbogbo ènìyàn, Francis bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó kó o pẹ̀lú owó fún baba rẹ̀, ó sì wí pé Baba tí ń bẹ ní ọ̀run nìkan ni òun yóò máa pè ní baba láti ọjọ́ náà lọ. Bíṣọ́ọ̀bù fi ẹ̀wù ara rẹ̀ bò ó. A kò gbọdọ̀ sáré kọjá níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ líle ni láti sọ sí bàbá ẹni ní gbangba, àwọn tí ó fẹ́ràn Francis pàápàá kò sì lè sọ pé ọgbẹ́ náà jinná. A kò kà á níbìkan pé baba àti ọmọ tún parí ìjà.

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òkúta San Damiano, ó sì tún ìjọ méjì mìíràn ṣe, èyí tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Portiuncula nísàlẹ̀ ìlú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1209, nígbà tí wọ́n pé méjìlá pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Róòmù, Póòpù Innocent Kẹta sì fi ẹnu fún wọn ní àṣẹ láti máa wàásù ìrònúpìwàdà. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan owó. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóko àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń ṣagbe nígbà tí iṣẹ́ kò bá mú oúnjẹ wá. Ní 1212 ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ilé ọlọ́lá, Clare, sá kúrò nílé lóru láti tọ ọ̀nà kan náà, San Damiano ni a sì fi òun àti àwọn arábìnrin rẹ̀ sí. Francis kò jẹ oyè àlùfáà. Díákónì ni ó jẹ́ títí dé ikú.

Ní 1219 ó ṣe ohun kan tí ó tọ́ kí a sọ ní kíkún ní ilẹ̀ wa yìí, níbi tí mọ́sáláṣí àti ìjọ ti wà ní àdúgbò kan náà, nígbà mìíràn nínú agbo ilé kan náà. Ogun Àgbélébùú karùn-ún wà ní ìlú Damietta ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí odò Náílì ti wọ inú òkun. Francis dé ibẹ̀ pẹ̀lú arákùnrin kan tí à ń pè ní Illuminato, wọ́n kúrò ní àgọ́ àwọn Kristẹni láì mú ohun ìjà lọ́wọ́, wọ́n sì kọjá lọ sí àgọ́ Sultan Malik al-Kamil, ẹni tí Saladin jẹ́ arákùnrin baba rẹ̀. Ó retí láti kú níbẹ̀. Sultan kò pa á. Ó gbà á gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó fetí sí i, ó sì mú kí a sìn ín padà ní àlàáfíà. Kò sí ẹni tí ó yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Francis padà dé, ó kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ ìlú gbogbo pé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí akéde tàbí àmì mìíràn máa ké sí àwọn ènìyàn láti fi ìyìn fún Ọlọ́run. Àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ rò pé ohùn ládànì tí ó gbọ́ ní Íjíbítì ni ó fi èyí sí i lọ́kàn. Ó tún mú nǹkan mìíràn bọ̀ láti ibẹ̀: àrùn ojú.

Bí ó ti ṣe pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá mọ̀ fún gbogbo ènìyàn, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. A mọ̀ pé ó wàásù fún àwọn ẹyẹ lẹ́bàá Bevagna. Pé a máa ṣa ekòló kúrò lójú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má bà á tẹ̀ wọ́n. Pé ní alẹ́ Kérésìmesì 1223 ní ìlú Greccio, ó mú kí a to koríko sínú ibùjẹ ẹran, kí a sì mú akọ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá sí ibi ìsìn, kí ojú lè rí bí a ti bí Olúwa nínú òṣì. Èyí tí ó wù mí jù ni àṣẹ tí ó fún arákùnrin tí ń tọ́jú ọgbà, pé kí ó má ṣe fi ewébẹ̀ gbin gbogbo ilẹ̀ tán, kí ó fi apá kan sílẹ̀ fún òdòdó àti fún koríko tí ń hù fúnra rẹ̀. Àti fún àwọn tí ń gé igi ìdáná, pé kí wọ́n má gé igi tu tán, kí ó lè tún rúwé.

Nígbà tí ó di 1225, ara ti kọ̀. Ikùn ń dà á láàmú, ọgbẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìhà tí ó gbà ní òkè La Verna ní 1224 ń ro ó, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. A gbé e wá sí San Damiano lọ́dọ̀ Clare, a sì fi ẹní ta àtíbàbà kan fún un. Ó lé ní àádọ́ta ọjọ́ tí ó fi wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, kò lè gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ iná pàápàá ń ta ojú rẹ̀ lóru. Èkúté pọ̀ nínú àtíbàbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sá gun orí rẹ̀ nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń gun orí tábìlì nígbà tí ó bá ń jẹun. Ní òru kan ó káàánú ara rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún sùúrù. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ròyìn, ó gba ìdánilójú ní òru náà pé ìjọba ọ̀run ti di tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó, ó ronú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Orin Àwọn Ẹ̀dá. Oòrùn ni ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Kì í ṣe èdè Látìnì ti inú ìjọ ni ó lò. Èdè tí àwọn ará Umbria ń sọ nínú ọjà àti nínú oko ni, orin náà sì wà lára àwọn ewì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní èdè Ítálì. Ó fi ohùn sí i, ó kọ́ àwọn arákùnrin, ó sì fẹ́ kí Arákùnrin Pacifico, ẹni tí a ti dé ládé rí gẹ́gẹ́ bí ọba akéwì, máa kó wọn kiri láti kọ ọ́ lẹ́yìn ìwàásù, gẹ́gẹ́ bí àwọn akọrin tí ń tọrọ owó, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ìrònúpìwàdà ni wọn yóò tọrọ. Ohùn náà ti sọnù. Nínú ìwé àfọwọ́kọ tí ó pẹ́ jù lọ, tí ó wà ní Assisi, a fi àyè sílẹ̀ fún àmì ohùn orin, ṣùgbọ́n òfìfo ni àyè náà wà títí di òní.

Kì í ṣe Francis ni ó kọ́kọ́ kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Orin Dáfídì kejìdínláàádọ́jọ pe oòrùn, yìnyín àti ẹranko igbó sí ìyìn. Orin àwọn ọmọ mẹ́ta tí a sọ sínú iná ìléru, èyí tí Ìwé Àdúrà Ìjọ England fi sínú Ìsìn Òwúrọ̀, ṣe bákan náà, ó sì dájú pé méjèèjì ni Francis ti fi ń gbàdúrà láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣáájú ọjọ́ Kristi ní ohun tí ó lé ní 1,300 ọdún, Ọba Akhenaten ti Íjíbítì ní orin sí oòrùn gẹ́gẹ́ bí ọlọ́run kan ṣoṣo, tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orin Dáfídì kẹrìnlélọ́gọ́rùn-ún. Àwọn ará Índíà àtijọ́ kọ orin sí òwúrọ̀. Kùránì kọ́ni pé kò sí ohun kan tí kì í ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́run, bí ènìyàn kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ìyìn wọn. Àwọn baba wa kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ohun pàtàkì láì júbà ilẹ̀, àti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kan ti bẹ̀rù nígbà kan rí pé orin sí oòrùn lè fà wá padà sídìí òrìṣà. Ẹ̀rù náà kò ṣe àìní ìdí, ṣùgbọ́n kí a wo bí Francis ti ṣe é. Níbi tí ó ti dárúkọ àwọn ẹ̀dá, Olúwa ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kò kí oòrùn, kò sì bẹ òṣùpá. Draper ni ó yí i padà tí àwa akọrin fi ń ké pe àwọn ẹ̀dá fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan sì wà nínú èdè Ítálì náà tí a ń jiyàn lé lórí, tí ó lè jẹ́ pé a yin Olúwa nítorí oòrùn, tí ó sì lè jẹ́ pé a yìn ín nípasẹ̀ oòrùn. Èmi kò rí ìdí tí a fi gbọdọ̀ mú ọ̀kan kí a sì jù èkejì sílẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni pé ó pe àwọn ẹ̀dá ní ọmọ ìyá. Oòrùn, ẹ̀fúùfù àti iná jẹ́ arákùnrin; òṣùpá, ìràwọ̀ àti omi jẹ́ arábìnrin; ilẹ̀ jẹ́ arábìnrin àti ìyá pọ̀. Èdè tirẹ̀ ni ó béèrè bí ẹ̀dá ṣe jẹ́ akọ tàbí abo. Èdè tiwa kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò. Bí a bá sì ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ìdáhùn wà níbẹ̀: omi àti ilẹ̀ ṣáájú, oòrùn àti òṣùpá jáde ní ọjọ́ kẹrin, ẹja àti ẹyẹ ní ọjọ́ karùn-ún, a sì dá ènìyàn gbẹ̀yìn ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn jẹ́ fún wa. Lóòótọ́ Baba fi àbíkẹ́yìn jẹ oyè lórí ilé, ṣùgbọ́n a mọ ojú tí ilé fi ń wo àbúrò tí ó fi oyè rẹ́ ẹ̀gbọ́n jẹ.

Orin náà kò parí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Láìpẹ́, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Bíṣọ́ọ̀bù Guido àti olórí ìlú Assisi. Bíṣọ́ọ̀bù yọ olórí ìlú kúrò nínú ìjọ. Olórí ìlú náà kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Bíṣọ́ọ̀bù rà tàbí tà. Kò sí ẹni tí ó dá sí i. Francis, lórí àkéte àìsàn, wí pé ìtìjú ni fún àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run pé irú ìjà báyìí wà tí ẹnikẹ́ni kò sì làjà. Ó fi ẹsẹ kan kún orin náà, nípa àwọn tí ń dárí jì nítorí ìfẹ́ Olúwa tí wọ́n sì ń farada àìsàn àti ìpọ́njú. Ó rán arákùnrin kan sí olórí ìlú pé kí òun àti àwọn ìjòyè wá sí àgbàlá Bíṣọ́ọ̀bù, ó sì rán àwọn méjì mìíràn láti lọ kọrin níbẹ̀. Kò fi ìwé ránṣẹ́, kò sì dá ẹjọ́. Bí orin ti ń lọ, olórí ìlú dìde dúró, ó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni pé Ìhìn Rere ni a ń kà, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù gbé e dìde, ó jẹ́wọ́ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni ó yẹ ipò òun, ṣùgbọ́n pé ìbínú tètè máa ń mú òun. Wọ́n sì dì mọ́ ara wọn. Ẹsẹ yìí wà nínú èyí tí Draper ṣe pẹ̀lú, bí a kò bá yára fò ó nítorí àkókò.

Nígbà tí a gbé e lọ sí Fonte Colombo fún ìwòsàn, oníṣègùn fi irin gbígbóná jó o láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé òkè ojú. Bí irin ti ń pọ́n nínú iná, Francis bá Arákùnrin Iná sọ̀rọ̀, ó rán an létí pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra. Àwọn arákùnrin tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sá jáde nítorí wọn kò lè wò ó. Ìwòsàn náà kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Ní 1226 a gbé e padà sí Assisi, sínú ilé Bíṣọ́ọ̀bù. Oníṣègùn sọ fún un pé ikú kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó na ọwọ́, ó kí Ikú káàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí arábìnrin, ó sì fi ẹsẹ ìkẹyìn kún orin rẹ̀ nípa rẹ̀. Láti ìgbà náà ó ń mú kí a kọ orin náà fún un tọ̀sán tòru. Arákùnrin Elias, tí ń ṣe olórí ẹgbẹ́, kò fara mọ́ ọn. Ó bẹ̀rù ohun tí àwọn ará ìlú yóò wí nípa ẹni mímọ́ tí ń kọrin nígbà tí ó yẹ kí ó máa ronú ikú. Francis bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun yọ̀ nínú Olúwa.

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Portiuncula. Nígbà tí àkókò tó, ó ní kí a tẹ́ òun sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìhòòhò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, 3 October 1226, ó kú, ó sì jẹ́ ẹni ìwọ̀n ọdún mẹ́rìnlélógójì. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ròyìn pé agbo àwọn ẹyẹ kékeré kan, irú èyí tí ó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí kì í sì í fò ní àṣálẹ́, ń rá bàbà lókè ilé náà tí wọ́n ń kọrin. Póòpù Gregory Kẹsàn-án kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1228, Ìjọ England pẹ̀lú sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní 4 October.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará Assisi gbé òkú rẹ̀ gòkè lọ sí ìlú pẹ̀lú ẹ̀ka igi, àtùpà àti orin. Wọ́n yà sí San Damiano lójú ọ̀nà. A ṣí fèrèsé kékeré tí àwọn arábìnrin máa ń gbà jẹ Oúnjẹ Olúwa, a sì gbé e sókè síbẹ̀ kí Clare àti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí wọ́n gbé e wọ ìlú, wọ́n sì sin ín sí ìjọ San Giorgio, níbi tí ó ti kọ́ ìwé nígbà tí ó wà ní ọmọdé.